Orúkọ Tí Káfíńtà Tì Mọ́lé

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi orí mi búra, mo sì fi orí àbúrò mi kún un. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a yọ àbúrò mi kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibì kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe, n ó sì jẹ́wọ́ ibẹ̀ fún yín kí n tó dìde.

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ káfíńtà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ó jẹ́ onígbàjámọ̀. Láti kékeré tí wọ́n ti jọ ń gbé àbẹ́là níwájú pẹpẹ ni wọ́n ti jọ ń ka rósárì. Káfíńtà ní í máa ń lé e, onígbàjámọ̀ ní í máa ń gbè é. Bí káfíńtà bá ti ní, "Mo kí ọ Màríà, ẹni tí ó kún fún oore-ọ̀fẹ́," onígbàjámọ̀ a ní, "Màríà mímọ́, Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún wa." Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ó lè máa gé irun lọ́wọ́, kí ó máa fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó sì tún máa gbe àdúrà, láìṣi ọ̀kankan ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọdún kan, ìyàwó káfíńtà rọbí, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Káfíńtà kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní bí tìyá tọmọ bá yè, òun yóò fi ẹsẹ̀ òun rìn láti ìlú àwọn títí dé Òkè Màríà. Òun kò ní gun ohunkóhun. Òun yóò sì gbé àbẹ́là kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ère Ìyá Màríà kí Mísà àjọ̀dún Ìgbàsókè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Tìyá tọmọ yè. Ẹnu ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó wá ku ti ẹsẹ̀.

"Èmi náà ń lọ," ni onígbàjámọ̀ wí. "Bí o bá dá lọ, ta ni yóò máa gbè é fún ọ? Ṣé igi kòkó ni?"

Ọ̀nà Òkè Màríà jìn. Ó gba inú oko, ó gba orí òkúta, ó sì gba àárín abúlé tí ajá wọn kò mọ ẹni mímọ́ yàtọ̀ sí olè. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láàárín àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bí o bá ti gbọ́ "Mo kí ọ Màríà" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ, o gbọ́dọ̀ gbè é. Wọn kì í jẹ́ kí ó ṣubú sílẹ̀.

Ọ̀la ni àjọ̀dún nígbà tí ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ wú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó ẹ̀gẹ́ ń kọjá lọ. Kí káfíńtà tó bojú wẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jókòó sórí ẹ̀gẹ́ bí ọba tuntun, ó ń juwọ́ sí i.

"Káfíńtà! Bá mi kí àwọn òkúta ojú ọ̀nà o! Èmi kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan!"

Nígbà tí káfíńtà fi máa wọ abúlé tí wọn yóò sùn, onígbàjámọ̀ ti wẹ̀, ó ti yó, ó sì ti kó àwọn ará abúlé jọ. Ó ń tiro kiri láàárín wọn, ó ń fi bí káfíńtà ṣe ń rìn hàn wọ́n. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Omi gbígbóná tí ó tọ́jú de ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bọ̀ọ̀lì sì wà lórí àwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í rí omi gbígbóná.

"O fi ẹ̀jẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́," ni káfíńtà wí.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ́ rẹ."

"Ó dáa. Orúkọ rẹ kò ní ti ẹnu mi jáde mọ́ títí n ó fi dé ẹsẹ̀ Ìyá Màríà. Mo ti tì í mọ́lé. Bí mo bá tilẹ̀ ń kú lọ, n kò ní pè ọ́."

"Jọ̀ọ́, má kú," ni onígbàjámọ̀ wí. "Irun orí rẹ kò tíì ṣe é sin."

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ àjọ̀dún, ó gbé àbẹ́là rẹ̀, ó sì dá jáde. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé kò rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó kan ọ̀nà àbùjá kan tí ó wọ inú oko kòkó, ìbínú sì ní kí ó yà síbẹ̀. Ìbínú kò gba ọ̀nà yẹn rí, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú. Kò pẹ́ tí káfíńtà fi yọ̀, ó ré sínú kòtò, ó sì fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́. Àbẹ́là kò ṣẹ́. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀.

Ní òkèèrè, agogo àkọ́kọ́ dún lórí òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń lù ú. Bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá ti dún, Mísà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sì di àìsan.

Ó kígbe, "Ẹ gbà mí o!" Gbogbo olóko ti gba orí òkè lọ. Ewúrẹ́ kan ló yọ láti inú kùrukùru, ó wò ó títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fìlà rẹ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kún ẹnu káfíńtà, orúkọ náà ló sì tì mọ́lé. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ó tún yà á, ó tún pa á dé. Nígbà náà ni ó rántí pé àdúrà kì í ṣe orúkọ. Ó fa èémí sínú, ó sì lé e pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀:

"Mo kí ọ Màríà, ẹni tí ó kún fún oore-ọ̀fẹ́!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn kan fi ti inú kùrukùru wá.

"Màríà mímọ́, Ìyá Ọlọ́run!"

Ó tún lé e. Ohùn náà tún gbè é, ó sì sún mọ́ ọn díẹ̀. Báyìí ni káfíńtà ṣe ń fi àdúrà fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga, títí bàtà onígbàjámọ̀ fi yọ létí kòtò.

"Ta ló ń ka rósárì nínú ihò?"

"Èmi ni, ìwọ ọkùnrin yìí."

"Ọkùnrin yìí? Ṣé n kò lórúkọ ni?"

"O ní. Ó ṣì wà ní àtìmọ́lé. Fà mí jáde."

"Ewúrẹ́ ń jẹ fìlà rẹ."

"Mo mọ̀! Fà mí jáde!"

Onígbàjámọ̀ fà á jáde, ó ki èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n sì tiro bọ́ sí ojú títì. Agogo ẹ̀ẹ̀kejì dún. Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ gùn ún, mo máa gbé yín débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Torí Màríà ni." Káfíńtà wo ìjókòó ọ̀kadà. Ó wo òkè.

Onígbàjámọ̀ tí ó gun ẹ̀gẹ́ lánàá ló dáhùn. "Máa lọ, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni àwa méjèèjì ní. Ó tó wa."

Wọ́n kọjú sí àtẹ̀gùn òkúta. Bí káfíńtà bá lé e, wọ́n a gun ọ̀kan. Bí onígbàjámọ̀ bá gbè é, wọ́n a tún gun òmíràn. Àwọn tí ó ti dókè gbọ́ wọn, wọ́n yíjú padà. Òfin ọ̀nà sì ni òfin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, àgbà àti èwe, títí ó fi jẹ́ pé bí káfíńtà kan bá lé e nísàlẹ̀, gbogbo òkè ní í dáhùn. Ẹni tí ń lu agogo ti di okùn mú. Ó rí wọn, ó sì ṣe bí ẹni pé àtẹ́lẹwọ́ ń yún òun. Ó họ ọ́ títí káfíńtà fi dé ẹsẹ̀ Ìyá Màríà, tí ó gbé àbẹ́là kalẹ̀, tí iná rẹ̀ sì mú.

Agogo dún. Káfíńtà ya ẹnu. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà ni.

"Ajíbóyè!" ni ó pariwo, débi pé àlùfáà yíjú padà. "Ajíbóyè! Ajíbóyè, ọ̀rẹ́ mi!"

"Mo ń gbọ́," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ṣé irun lo fẹ́ gé ni?"

Orí òkè mì fún ẹ̀rín àti ayọ̀. Mísà ọjọ́ náà, ijó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, èmi kọ́ ni n ó bi yín ní orúkọ tí ẹ ti tì mọ́lé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wúwo láti pè é, ẹ má tíì pè é. Ẹ wá nǹkan kan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀, àdúrà ni o, orin ni o, àwàdà àtijọ́ ni o, kí ẹ lé e sókè. Ẹni tí ó ti gbè é fún yín rí kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbè é.

Ó ku ibi tí mo ti parọ́. Ẹ ti rò pé ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ gidi, fìlà tí ó jẹ ṣì wà nílé káfíńtà. Ibi tí mo tún ṣe ni ibi tí mo ti sọ pé káfíńtà kò tíì pa ẹnu dé tí ìdáhùn fi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó dákẹ́, nítorí inú ń bí òun náà. Ó gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó tún dákẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó gbè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ sì dákẹ́, ẹ má bara jẹ́. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún ti ń lé e.