Bàbá Ẹfọ̀n, Ẹ Tọ́ Omi Wò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi dé o!
Kó máa bọ̀, a ti jókòó!

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń fi oje kan kun ìkòkò tà, kí ọbẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń da èyí tó bá ṣẹ́ kù sódò. Oje yìí kì í tán nínú omi láéláé. Ni àwọn ọmọ Àkèré bá ń kú láìtíì yọ ẹsẹ̀.

Àkèré lọ fẹjọ́ sun Ẹfọ̀n, alábòójútó omi.

"À ń wò ó, ìyá."

Ọmọ méjì tún kú. Ó tún padà lọ bá Ẹfọ̀n.

"A ti gbé ìgbìmọ̀ dìde."

Mẹ́rin tún kú. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé inú ò bí yín ni?

Nígbà kẹta, Ẹfọ̀n pe gbogbo ẹranko jọ. "A ti ṣòfin! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò gbọdọ̀ da ju igbá kan lọ lójúmọ́. Omi ti dára."

Àkèré bu omi odò, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ó dárin, ẹ gbè é:

Bàbá Ẹfọ̀n, omi rèé!
Ẹ tọ́ ọ wò!
Ẹ ní ó ti dára!
Ẹ tọ́ ọ wò!

Ẹfọ̀n ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Lọ́jọ́ náà ni àwọn ẹranko fúnra wọn lọ ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń kun ìkòkò. Ṣùgbọ́n oje ṣì wà lódò.

Bí mo bá parọ́, kí n mu nínú rẹ̀.