Orúkọ Òdòdó Tí A Fi Àádùn Tọrọ

Ọkàn Ìbídùn kò balẹ̀. Ọmọ tuntun wà lápá rẹ̀, ọkọ rẹ̀, Ọnàyẹmí gbẹ́nàgbẹ́nà, sì ń kọrin níbi tí ó ti ń gbẹ́gi, síbẹ̀ ẹkún ni obìnrin náà ń sun. Ebi kò pa á, ẹnikẹ́ni kò sì nà án. Orúkọ ni ó ń pa á lẹ́kún.

Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá ọmọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti lóyún, oko òwú ni ó wà. Òwú ti tanná, ìrì sì wà lára rẹ̀. Ó dúró láàárín oko, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ẹlẹ́dàá bá jẹ́ kí òun fọwọ́ gba ọmọ náà, tí ó bá sì jẹ́ obìnrin, Ìtànná ni òun yóò sọ ọ́. Obìnrin ni ó sì bí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó dárúkọ náà ní àgbàlá, ìyá ọkọ rẹ̀, tí ń rànwú lẹ́nu ọ̀nà, sọ òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ìyàwó ilé kò dákẹ́ ní tiwọn.

“Òdòdó tí ń yọ láàárọ̀ tí ń rọ lálẹ́ lo fẹ́ fi sọ ọmọ? O ò mọ̀ pé orúkọ a máa ro ọmọ ni?”

“Kúkú sọ ọ́ ní Ewúro. Ìyẹn kì í tètè rọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò lè bá wọn rín. Bí ó bá yí orúkọ padà, ó ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́. Bí kò bá yí i padà, bóyá ikú ni ó ń fẹnu ara rẹ̀ pè wá bá ọmọ. Ìkómọjáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nítorí pé ìyá ọmọ kì í jáde nílé kí ọmọ tó jáde, ó bẹ ọkọ rẹ̀ kí ó lọ pe Ọ̀ṣúntúndùn wá, arúgbó obìnrin tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún létí odò. Arúgbó náà dé, ó da owó ẹyọ sórí ẹní, ó wò ó, ó tún wo ojú ọmọ.

“Ẹ̀rù tìrẹ ni mo rí níbí,” ni ó wí fún Ìbídùn. “N kò rí ti ọmọ.”

“Ṣé orúkọ náà kò ní pa á, Ìyá Awo?”

“Ẹnìkan wà nínú ilé yìí tí ó ti fi orúkọ náà pamọ́ sínú kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ rúbọ. Ẹ ra ẹyẹlé kan, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀ létí odò. Ẹ po àádùn, ẹ bu oyin, kí ẹ̀yin méjèèjì gbé e tọ ìyá yín lọ ní yàrá. Kí ìwọ kúnlẹ̀, kí ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ bọ́ ọ, kí ẹ má dìde títí yóò fi sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni kí ẹ sọ ọmọ.”

Ọnàyẹmí rẹ́rìn-ín. “Ìyá Awo, ti ẹyẹlé rọrùn, mo máa rà á. Ṣùgbọ́n kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ torí orúkọ ọmọ tí mo bí fúnra mi? Inú ló ń bí ìyá mi. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á jáde. Ọnàwúmi ni mo máa sọ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ parí.”

“Ọmọ mi, ohun tí ó bá ṣòro fún ènìyàn nínú ẹbọ, òun gan-an ni ẹbọ.”

Ọkùnrin náà lọ sọ́jà. Ó ra ẹyẹlé, ó ní kí wọ́n lọ tú u sílẹ̀, ó sì padà sídìí igi rẹ̀.

Ìbídùn nìkan ni ó po àádùn. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá kọjú sí ògiri. Ìbídùn kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó. Nígbà tí ó yá, ó bu àádùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ, ìyá sì gbà á.

“Dìde, ìyàwó mi. Ara ọlọ́mọ tuntun kò gba èyí.”

“Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dìde, Ìyá, àfi bí ẹ bá sọ̀rọ̀.”

“Kí ni mo ń sọ báyìí?”

“Èyí kọ́ o, Ìyá.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ẹkún dé.

Ó sọ pé kí òun tó bí Ọnàyẹmí, òun ti bí obìnrin kan, Ìtànná ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ ijó kí ó tó mọ ìrìn dáadáa. Àìsàn ilẹ̀ gbígbóná ni ó mú un lọ. Nínú ilé yẹn, wọn kì í dárúkọ ọmọ tí ó kú létí àbúrò rẹ̀, nítorí náà Ọnàyẹmí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí.

“Nígbà tí o pe orúkọ yẹn ní àgbàlá,” ni ìyá wí, “ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ń pe ọmọ mi wálé wá jẹun.”

“Ìyá, ẹ foríjì mí. N óò yí i padà.”

“Ta ló ní kí o yí i padà? Gbé e fún mi.”

Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó fi oyin kan ètè rẹ̀. “Èyí tí ó lọ, ìtànná rẹ̀ kò dúró kó so. Ìwọ, Ìtànnádèso ni orúkọ rẹ. Ìwọ yóò so lójú mi.”

Lọ́jọ́ ìkómọjáde, ìyá àgbà wọ aṣọ funfun, ó jáde, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ náà. Ojú ti àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ewúro. Ọnàyẹmí náà pe Ọnàwúmi, àwọn ènìyàn ṣe àṣẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, bí bàbá rẹ̀ bá pe Ọnàwúmi, ọmọ a máa bu iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ìyá àgbà bá pe “Ìtànná mi!”, a máa sáré tete.

“Baálé,” ni àwọn ìyàwó ilé ń wí, “ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ́ ìpè yín.” Òun náà a sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dópin lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá dàgbà, ó darúgbó, kò jìyà. Gbólóhùn tí ó sọ kẹ́yìn ni pé kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìtànná.

“Ìtànná wo?” ni Ọnàyẹmí bi ìyàwó rẹ̀. “Ṣebí ọmọ náà nìyí.”

Ìbídùn kò lè pa á mọ́ mọ́. Ó jókòó tì í, ó sọ ohun gbogbo tí ìyá sọ fún un lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi?” ni ọkùnrin náà wí. “Ṣé ó jọ mí? Kí ló máa ń pe ìyá wa? Irú orin wo ló fi ń jó?”

“N kò mọ̀,” ni Ìbídùn dá a lóhùn. “Ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n.”

Ìtànnádèso dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ obìnrin, ó bímọ ọkùnrin, ọwọ́ Ìbídùn sì kún fún ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó rúbọ jèrè ẹbọ rẹ̀. Ẹni tí ó pín ẹbọ sí méjì, tí ó ṣe èyí tí ó rọrùn, tí ó fi èyí tí ó ṣòro ṣẹ̀sín, ń bi gbogbo àgbàlagbà ìlú léèrè títí ọjọ́ fi lọ, bóyá ẹnìkan ṣì rántí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí. Kò rí ẹni tí ó rántí.