Àpótí Tó Kọjá Táyà Ẹ̀yìn

Fara balẹ̀ ná, àbúrò mi. Ẹjọ́ ìyàwó rẹ kò ní sá lọ. Ọkùnrin kan wà, ọlọ́kadà ni, ó rí iṣẹ́ gidi gbà: kí ó máa gbé ìgò oògùn láti ìlú lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lórí òkè. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tọrọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó ní kí jórinjórin bá òun jó irin mọ́ ọ̀kadà, kí àpótí oògùn lè jókòó lé e. Jórinjórin ní orí ìjókòó ló yẹ àpótí. Ọlọ́kadà ní rárá o, níbo ni èrò méjì tí òun ń gbé yóò wá jókòó sí? Kó fa irin náà sẹ́yìn dáadáa.

Jórinjórin ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yẹn ti jìn jù o.”

“Ṣé ìwọ lo ni ọ̀kadà ni?”

Jórinjórin bá jó o bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé oògùn, bó ṣe kan òkè báyìí ni háńdù bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀kadà gbé iwájú sókè, ó gbé e ṣubú, ìgò mẹ́rin fọ́. Háà! Kí lèyí? Ó pààrọ̀ táyà iwájú, háńdù tún gbọ̀n. Mẹkáníìkì tú háńdù palẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó tún gbọ̀n. Ọkàn ọkùnrin yìí dàrú pátápátá. Ó wá rántí àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó wo ọ̀kadà náà tí kò kí i kú oríire. Ó ní ayé ti rí òun! Ó bu òróró àdúrà, ó fi pa háńdù látòkè délẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Háńdù tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ wá ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgò mẹ́fà ló fọ́ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gba oògùn wo àfọ́kù, ó ní, “Bó bá tún fọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e wá.”

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. “Mà, kò yé mi. Bí mo bá ń bọ̀ níbí ló máa ń gbọ̀n. Bí mo bá ń padà, kì í ṣe nǹkan kan.”

“Bí o bá ń padà, kí ni kì í sí nínú àpótí rẹ?”

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí àpótí tó so rọ̀ kọjá táyà ẹ̀yìn, tí ẹrù inú rẹ̀ ń gbé iwájú ọ̀kadà sókè. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń wá ìdí ọ̀rọ̀, iwájú nìkan ló ń wò. Ó padà lọ bẹ jórinjórin, wọ́n gé irin náà, àpótí bọ́ sórí ìjókòó. Kò rí èrò gbé mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà ní ìyàwó rẹ ti di oníjà, ilé ń gbọ̀n mọ́ ọ lọ́wọ́. O ti kó kúrò ní ilé àkọ́kọ́, o ti pe àwọn àna rẹ jọ, pásítọ̀ ti wá wọ́n omi sí yàrá. Obìnrin tí o gba ilé fún lódìkejì odò, tí o rò pé a ò mọ̀ ńkọ́? Má wolẹ̀, èmi ni kí o wò. Lọ gé irin náà lónìí, nítorí òkè ṣì ń bẹ níwájú rẹ, àwọn ọmọ rẹ sì wà lórí ọ̀kadà.