Kòkòrò Inú Obì Ògúndẹ̀rọ̀

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, pàápàá bí ará ilé bá dalẹ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá ló bí i. Àìsàn obìnrin kan ni.

Àwẹ̀ró ni obìnrin náà. Ògúndẹ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ olóbì ní abà kan nílẹ̀ Rẹ́mọ. Bí ọkùnrin yìí bá bó obì, tó fọ̀ ọ́, tó fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n fún un, obì a máa dán bí ojú ọmọ tuntun.

Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló kú lójijì. Ẹ sì mọ àṣà wa: òkú ọ̀fọ̀ kì í ní ariwo, a kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Kí ẹkún tó dé ojú Àwẹ̀ró, àwọn àgbà ti pa á lẹ́nu mọ́. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Kò sunkún. Ògúndẹ̀rọ̀ dúpẹ́ pé ìyàwó òun lọ́kàn akin.

Kò pẹ́ tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, tí oorun dá lójú Àwẹ̀ró. Á jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ òrùlé, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń ro ó, ó rù hangogo. Ògúndẹ̀rọ̀ se àgbo ibà, ó se ti inú rírun, ó fi òrí pa á lára. Ara kò gbọ́. Ẹ̀rù bà á pé òun yóò tún sin aya.

Láléyẹ, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, wá wò ó. Ògúndẹ̀rọ̀ ṣa obì tó dán jù lọ fún àna rẹ̀, ó là á. Ìdin funfun tú jáde. Ó la èkejì, ó ti di lẹ́búlẹ́bú.

"Ṣé obì lo fi ń ṣe mí lálejò ni," Láléyẹ ní, "àbí ẹran?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo fọ̀ ọ́, mo ń pààrọ̀ ewé rẹ̀. N ò mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé."

Àwẹ̀ró mú awẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Wọn ò gba ibì kankan wọlé, Bàbá Mosúnmọ́lá. Inú ni wọ́n wà tẹ́ ẹ fi ń fọ ẹ̀yìn. Bí ẹ ṣe ń fi àgbo wẹ̀ mí náà nìyẹn."

Ògúndẹ̀rọ̀ gbé obì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn nínú ilé. Ó wo obì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó kọjú sí Láléyẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè ọmọ wa. Ẹ fi ibẹ̀ hàn wá."

"Èèwọ̀ ni."

"Ẹ wo àbúrò yín dáadáa, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ èèwọ̀."

Láléyẹ wò ó. Ó dìde, ó ṣíwájú wọn lọ síbi sàréè náà. Níbẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ọkọ rẹ̀ náà sunkún. Ara Àwẹ̀ró kò yá lọ́jọ́ náà. Àgbo kò kúrò lórí iná. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ ọmọ wọn báyìí, oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí ara bá ń ro ẹnì kan, tí a wò ó títí tí kò lọ, àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe a fà á mọ́ra, a bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ará ilé bá ní ara ló ń dùn ún, kí ló kan ọkàn, èsì àgbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.