Odi Ọ̀gánlá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó kọjá odò méje, ó wá fẹ̀yìn ti odi Ọ̀gánlá, olú-ìlú gbogbo ẹranko. Ẹ̀yin ọmọ, ìlú náà dára! Ojú pópó rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ odi rẹ̀ ló jù. Ẹnikẹ́ni tó bá jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀, kó mọ apá kan odi náà.

Erin jọba. Ó ní, "Èmi Àjànàkú, kí n máa po amọ̀?" Ó rán ẹrú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, apá tirẹ̀ wó, wọ́n gba adé lórí rẹ̀.

Ẹkùn jọba. Ó ní amọ̀ yóò ba awọ òun jẹ́. Tirẹ̀ náà wó.

Ló bá kan Ikán. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín! Ikán bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ló fi ń po amọ̀, ó tún èyí tó wó mọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló mọ odi yìí o?
Ọba ni, ọba ni!
Ta ló po amọ̀ rẹ̀ o?
Ọba ni, ọba ni!

Lọ́dún náà, odò kún àkúnya. Omi kọlu odi lẹ́ẹ̀mẹta, odi ò mì.

Erin dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí lẹ fi sínú amọ̀ yìí?"

Ikán ní, "Ara mi ni."

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dé Ọ̀gánlá, ẹ má bèèrè ààfin. Ẹ bèèrè ibi tí odi ti ń jò. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá ọba.