Alùpùpù Tó Ga Ju Morádéùn Lọ

Akínbọ̀dé ga. Bí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Àgọ́-Àyìn, ó ní láti kọ́kọ́ tẹ orí ba. Morádéùn, ìyàwó rẹ̀, kò ju ìgbáàyà rẹ̀ lọ. Gíga ọkọ ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo nǹkan inú ilé wọn: ìṣó tí wọ́n ń fi àtùpà kọ́, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, pẹpẹ tí wọ́n ń gbé gààrí lé. Bí Morádéùn bá fẹ́ mu gààrí, yóò pè é, ọkọ yóò sì nawọ́ gbé e fún un. Wọn kò bímọ. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n ń dá ara wọn lóhùn nínú ilé náà.

Oko wọn jìnnà, ó wà lódì kejì odò. Nítorí rẹ̀ ni Akínbọ̀dé ṣe ra alùpùpù gíga kan. Láràárọ̀ ọjọ́ oko, Morádéùn yóò jókòó sẹ́yìn, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀, igbó ọwọ́ ọ̀tún àti igbó ọwọ́ òsì nìkan ni ó mọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀yìn Akínbọ̀dé ni ó bo iwájú.

Nígbà tí Akínbọ̀dé kú, èrò kún ilé títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Morádéùn gun àpótí gbé gààrí kúrò lórí pẹpẹ wá sílẹ̀, adìẹ sì ń bá a jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹbí pín ogún, Ládépò, àbúrò olóògbé, ní òun ni alùpùpù tọ́ sí.

"Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ rẹ ò kanlẹ̀ lórí rẹ̀. Àbí o fẹ́ máa sá aṣọ lé e ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Morádéùn wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, bí mi ò bá ní i, oko ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn kí n tún débẹ̀ kọ ebè."

Mọ́gàjí, olórí ẹbí, ní kó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ iṣu titun. "Bó bá dá gùn ún wọ agbo ilé yìí lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni. Bí kò bá lè gùn ún, kí Ládépò máa mú un lọ."

Morádéùn ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Mukáílà mẹkáníìkì. Mukáílà tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, irin tó gbé e ga, ó fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀, ó sì rẹ iwájú sílẹ̀. Ó wá bó awọ ìjókòó, ó mú ọ̀bẹ láti gé fóòmù inú rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Morádéùn wí.

Ibi tí Akínbọ̀dé máa ń jókòó sí ti tẹ̀ wọnú bí ojú ọpọ́n. Morádéùn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó yá, ẹ gé e."

Èyí tí Mukáílà gé kúrò, Morádéùn fi ìborùn rẹ̀ wé e lọ sílé. Òun ni ó ń gbé orí lé bí ó bá fẹ́ sùn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kanlẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó sì mọ̀ ọ́n gùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún dé oko, ó rí ọ̀pẹ kan ní igun ọ̀nà tó tẹ̀ bí ẹni tó ń kí ènìyàn. Kò rí i rí. Ó yíjú sẹ́yìn láti fi hàn. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Bí ó bá fi ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ dá alùpùpù náà dúró, ṣe ni yóò máa mì. Ó rò pé ọwọ́ òun ni kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, ojú sì ń tì í láti bi ẹnikẹ́ni. Kò sí àlejò tí ì bá rí i kó bá a sọ ọ́. Nítorí náà, bí ó bá wà nílé, igi orógbó iwájú ilé ni ó ń fi í tì. Lóko, òpó ahéré ni.

Ọjọ́ iṣu titun pé. Morádéùn gun alùpùpù wọ agbo ilé, àwọn ọmọdé sì pariwo. Ládépò pàápàá dìde. Gbangba ìta tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ni àwọn àgbà jókòó sí, kò sí igi, kò sí ògiri nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé kì í kí àgbà ilé ọkọ lórí ìdúró. Morádéùn fi ọ̀pá dá alùpùpù dúró, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún o, Bàbá."

Kí Mọ́gàjí tó dáhùn, alùpùpù wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbàà! Dígí rẹ̀ fọ́ yángá.

Ládépò bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti kọ̀ ọ́! Alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi mọ ẹni tó ni ín."

Morádéùn kò bojú wẹ̀yìn. Mọ́gàjí dìde, ó ní kí wọ́n gbé alùpùpù náà nàró lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó fi ìka kan tì í, ó sì tún fẹ́ wó. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Wọ́n rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò gé ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá ti gùn jù fún un." Ó yíjú sí Morádéùn. "Kí ló wá ń dá a dúró nílé látọjọ́ yìí?"

"Igi orógbó ni, Bàbá."

"Àwa ará ilé ńkọ́?"

Mọ́gàjí wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló dé ilé Akínbọ̀dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́ nínú yín, tó rí i pé igi ló ń bá ìyàwó wa di alùpùpù mú?" Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Èmi náà ò débẹ̀."

Ládépò bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù dígí sọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ ajórin lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n gé ọ̀pá náà kúrú, tó sì dá a padà fún Morádéùn tó ni ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morádéùn dá alùpùpù dúró síwájú ilé, ó jìnnà sí igi. Ó ń wò ó bóyá yóò wó. Kò wó. Ó fọwọ́ kan ara igi orógbó, ó wọlé. Gààrí ṣì wà nílẹ̀. Pẹpẹ ṣì ga.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Àgọ́-Àyìn ti ń pa á lówe, pàápàá nílé ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ti lọ, pé: "Ọjọ́ tí ẹni tó ń gun alùpùpù bá sọ̀ kalẹ̀ là á mọ ohun tó ń dá alùpùpù dúró."