Ìdí Tí Ìbọn Ìléwọ́ Fi Ń Kọ́kọ́ Jókòó Kó Tó Jáde Nílé

Nígbà láéláé, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé mọ́lẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kan dé tí kò ní ìdábùú kankan lára, ìyẹn irin kékeré tó ń dá ìbọn dúró. Bí nǹkan bá ti kàn án báyìí, ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì bi mí bí ìbọn ṣe ń sọ̀rọ̀ o, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná.

Opó kan wà ní abúlé kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Agáfíà. Tíkónì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá ni Tíkónì, wọ́n sì ní kó lọ máa ṣọ́ ọ̀nà igbó kan tó jìnnà, níbi tí àwọn olè ti ń dá èrò lọ́nà. Ìbọn tuntun náà ni wọ́n fún un, ó dúdú, ó ń dán.

Ohun ìjà àtijọ́ méjì wà lára ògiri ilé wọn. Idà jẹ́ ti bàbá àgbà Tíkónì. Ìbọn Oníyípo jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ikùn rẹ̀ tó ń yí bíríbírí ni ọta ń gbé.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìsinmi o," ni Ìbọn Tuntun wí, ó ń yọ ṣùtì sí wọn.

Idà ní, "Èmi, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fà mí yọ nínú àkọ̀. Nígbà mìíràn, kí wọ́n tó fà mí yọ tán, inú tó ń bí wọn ti rọ̀."

"Èmi náà le láti fà," ni Ìbọn Oníyípo wí. "Ìka á ti máa ro wọ́n kí n tó sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ronú. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń ronú lọ́dọ̀ tìẹ?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ máa ronú sí? Kí olè tó ṣẹ́jú, mo ti dáhùn."

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Àṣà kan wà nílẹ̀ náà: ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn jíjìn kì í ṣàdédé jáde. Gbogbo ará ilé á kọ́kọ́ jókòó, títí kan àwọn tí kò lọ síbì kan, wọn á panu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń ṣílẹ̀kùn.

Agáfíà jókòó. Tíkónì jókòó tì í, ìbọn ń bẹ ní ìgbànú rẹ̀. Apá àga bá tẹ irin tí ìka máa ń fà lára ìbọn.

Gbàù! Ọta gba ẹ̀bá etí Agáfíà kọjá, ó lu kẹ́tù orí àdògán, omi gbígbóná sì dà sílẹ̀ ṣàà.

Obìnrin náà ò ṣubú. Ó kàn ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń mì, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, etí ọ̀tún là. Etí òsì ò là mọ́. Ojú ti Tíkónì débi pé kò lè gbórí sókè.

"Ìbọn yẹn ò ní bá ọ lọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, àwọn olè ibẹ̀ ní ìbọn. Ṣé ọwọ́ lásán lẹ fẹ́ kí n fi lọ bá wọn?"

"Ohun tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé mi, kí ló máa ṣe ní ìgbànú rẹ nígbà tí o bá sùn? Kọ́ ọ sára ògiri."

Ẹ̀rù ba Ìbọn Tuntun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ mi," ló wí. "N ò mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tó yẹ kó jókòó."

"O ò bèèrè," ni Ìbọn Oníyípo wí láti orí ìkọ́ rẹ̀.

Tíkónì ò tíì kọ́ ọ, ó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Sáfélì, àgbà alágbẹ̀dẹ abúlé náà, bóyá ó lè wá nǹkan ṣe sí i. Sáfélì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wá fi ìdábùú kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bí o bá tì í báyìí, ó jókòó nìyẹn," ló sọ fún Tíkónì. "Àtàǹpàkò tìrẹ ni yóò sọ pé kó dìde."

"Ṣé yóò dùn mí?" ni ìbọn bi í.

"Rárá. Yóò kàn mú ọ falẹ̀ díẹ̀."

Ìbọn ò fẹ́ ìyẹn rárá, àmọ́ ó rántí ògiri, ó gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún jókòó. Orí àga àná ni Agáfíà tún jókòó sí. Tíkónì bẹ̀ ẹ́ pé kó sún kúrò.

"Bí kò bá lè jókòó tì mí, kó má lọ," ló dáhùn.

Tíkónì ti ìdábùú náà. Apá àga tún tẹ irin náà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sí nǹkan kan. Gbogbo ilé dákẹ́, ìbọn náà dákẹ́.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Ó gbọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́ kán sílẹ̀ láti òrùlé. Ó gbọ́ èémí ìyá náà tó ń gbọ̀n nítorí ọmọ tó ń lọ. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti rò pé kò sí nǹkan kan nínú ìdákẹ́jẹ́.

Agáfíà dìde, ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ."

Láti ọjọ́ náà ni ìbọn ìléwọ́ àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà ti ní ìdábùú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń mú un jókòó jẹ́ẹ́ kó tó bá wọn jáde. Agáfíà ní tirẹ̀ sì ń fi etí kan tó kù fún un tẹ́tí sí ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, títí Tíkónì fi wọlé.